Ìdí Igbó Márùn-ún Lọ́yà Pinnock

Ọkọ̀ búrẹ́dì ni ìròyìn náà bá dé abúlé Guinep Hill. Awakọ̀ búrẹ́dì ní ìjọba ti tú igbó sílẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Jàmáíkà: kí olúkúlùkù máa gbìn, kí ó máa fà, kí ọlọ́pàá sì máa kí i kú iṣẹ́. Sista Ionie, díákónẹ́ẹ̀sì ìjọ Onítẹ̀bọmi, gba ìdajì ìròyìn náà gbọ́. Ìdajì tó gbà gbọ́ ni pé awakọ̀ náà ti fa díẹ̀ kó tó gbéra nílé.

Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀, Maas Linval Pinnock, gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, ó sì fi ènì sí i. Ọkùnrin yìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò kàwé kọjá ìwé kẹfà, ṣùgbọ́n Lọ́yà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí pé kò sí ìbéèrè kan nípa igbó tí kò ní ìdáhùn sí. Bóyá ìdáhùn náà tọ̀nà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Nígbà tí ìwé ìròyìn dé, òfin náà kò rí bí ọkọ̀ búrẹ́dì ṣe gbé e wá. Igbó ò tíì di ẹ̀fọ́. Ẹni tí wọ́n bá bá ìwọ̀n kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, àáńsì méjì sísàlẹ̀, kò ní di ọ̀daràn mọ́, yóò kàn san owó ìtanràn bí ẹni tó gbé mọ́tò síbi tí kò yẹ. Ilé kọ̀ọ̀kan sì lè gbin ìdí márùn-ún, kò gbọdọ̀ lé ẹyọ kan. Maas Linval ka ìwé ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wo ìdí igbó mẹ́wàá tó wà lẹ́yìnkùlé, ó wo ilé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo ilé ìdáná, tó dá dúró lọ́tọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò.

“Ionie,” ó ní, “wákàtí mélòó lo ń lò nínú ilé ìdáná yìí lóòjọ́?”

“Iye tí ikùn ẹ bá ní kí n lò ni.”

“Ṣé ó ju èyí tó ò ń lò nínú ilé lọ?”

“Ó jù ú. Kí ló dé?”

“Ó tán. Ilé tìẹ nìyẹn. Láti òní lọ, ìwọ lolórí ilé ọ̀hún, èmi lolórí ilé yìí. Márùn-ún tìẹ, márùn-ún tèmi. Ẹ káàárọ̀ o, aládùúgbò.”

Kó tó di ọ̀sán, ó ti hú ìdí márùn-ún lọ gbìn síwájú ilé ìdáná, ó sì ti kan pátákó mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: ILÉ ÌYÁÀFIN I. PINNOCK. Sista Ionie rẹ́rìn-ín, ó ń bó iṣu rẹ̀ lọ. Ó ti gbàgbé pé gbogbo nǹkan ni ọkọ òun lè fi ṣàwàdà, àfi òfin.

Ní Ọjọ́bọ̀, Kọ́púrà Bascoe dé láti àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ka igbó náà títí dé mẹ́wàá. Ó tún un kà, bóyá ojú òun ló ń ṣe méjì-méjì.

“Maas Linval, mẹ́wàá rèé o, bàbá.”

“Ṣé ojú ń dùn yín ni, Kọ́púrà? Márùn-ún rèé, márùn-ún nìyẹn. Ilé méjì ni. Ẹ ka pátákó.”

“Ta ló ń gbé ibẹ̀ yẹn?”

“Obìnrin kan báyìí ni. Èèyàn dáadáa ni, ẹnu ẹ̀ ló kàn mú díẹ̀.”

Kọ́púrà yíjú sí Sista Ionie, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ìpọnkọ lọ́wọ́. “Màmá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yin àti bàbá ò gbé pọ̀ mọ́?”

Ọ̀rọ̀ wá di ìdẹkùn fún Sista Ionie. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti purọ́, àti pé kó tó di Ọjọ́ Àìkú gbogbo ìjọ yóò ti gbọ́ pé ilé díákónẹ́ẹ̀sì ti tú. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ rẹ̀ wọ gàù. Ó gbójú sókè ọ̀run. Wọn ò dá a lóhùn lọ́hùn-ún, bóyá ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

“Kọ́púrà,” ó ní, “níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn, ọdún méjìdínlógójì rèé tí èmi àti ọkùnrin yìí ti di ara kan. Ara kan ò lè ní ilé méjì. Ẹ fà á tu.”

Kọ́púrà fa márùn-ún tu, ó sì kìlọ̀ fún bàbá pé kí ó má dán irú ẹ̀ wò mọ́. Maas Linval ká apá sáyà, ó ń wò ó bí ẹni ń wo òkú ẹlòmíràn. Nígbà tí ọlọ́pàá lọ tán, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ó ní. “Ilé yín nìjọba wó. Tèmi ò mì.” Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tó gba oúnjẹ, á kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná, á ní àlejò láti òdìkejì ni òun.

Abẹ́ igi bẹrẹfúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Miss Pearl ni kóòtù Lọ́yà. Àwọn tó ń ta dómínò níbẹ̀ ni adájọ́, òun sì ni agbẹjọ́rò àti ẹlẹ́rìí. Igbó wíwé kan máa ń wà lẹ́nu rẹ̀, òmíràn á máa dúró de ipò lẹ́yìn etí.

“Lọ́yà, ṣé mo lè fà á lójú títì báyìí?”

“O ò lè fà á lójú títì. Bíi sìgá ló rí lójú òfin. Gba ẹ̀yìnkùlé lọ.” Ìyẹn tọ̀nà.

“Tí mo bá ki díẹ̀ sínú báàgì lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Máyámì ńkọ́?”

“Máa gbé e lọ. Ta ló rí ọlọ́pàá lórí òkun rí?” Ẹ̀wọ̀n gbáà ni ìdáhùn yìí ì bá kó bá ẹni tó béèrè. Ọpẹ́ ni pé kò lówó ọkọ̀ òfuurufú.

Ní ti àìsàn, èyí tí igbó Lọ́yà kò lè wò, wọn ò tíì bí i. Làkúrègbé? Ẹ rẹ ẹ́ sínú ọtí funfun, kí ẹ fi ra orúnkún. Ikọ́ fée? Ẹ se ewé rẹ̀ mu. Àìróorunsùn, àìlèjẹun, ìyàwó tó ń kanra? Ẹ sè é mu. Ìyàwó ńkọ́? Kí òun náà mu.

Ọjọ́rú-Ọjọ́rú ni Nọ́ọ̀sì Dacres máa ń wá sí ilé ìlera tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù náà, fèrèsé rẹ̀ sì máa ń wà ní ṣíṣí. Nígbà tí etí rẹ̀ kún, ó gbé àga rẹ̀ jáde wá sábẹ́ igi bẹrẹfúùtù.

“Ẹ jẹ́ ká pín iṣẹ́ yìí, bàbá,” ó ní. “Ẹ máa dáhùn ti òfin, kí n máa dáhùn ti ara.”

Ó ní kí aláboyún má fẹnu kàn án. Ó ní ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́ ò tíì gbó tán, igbó sì ti da orí àwọn kan rú nínú wọn. Ó ní èéfín ni èéfín ń jẹ́, ẹ̀dọ̀fóró kì í béèrè orúkọ ewé tó ti wá.

“Àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì wa níbí fi igbó ṣe oògùn ojú,” Maas Linval ní. “Wọ́n ṣe é àbí wọn ò ṣe é?”

“Wọ́n ṣe é. Ojú ni wọ́n ń kán an sí. Ẹ ti rí ẹni tó ń tanná sí oògùn ojú rí?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, dómínò dà sílẹ̀. Maas Linval la ẹnu láti fèsì, ni ikọ́ bá gbé e. Ikọ́ fée ti wà lára rẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n ó hú eléyìí títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì dúró dè é.

“Ẹ jáwọ́ nínú èéfín yẹn, bàbá. Òun ló ń pa àyà yín.”

“Èéfín kọ́ ló ń mú mi húkọ́,” ó ní, ó ń fi aṣọ nu ojú.

“Kí wá ni?”

“Ìbéèrè yín.”

Bẹ́ẹ̀ ni ayé ń lọ, títí ó fi kan Tamoya.

Tamoya ni àbíkẹ́yìn wọn. Ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Negril, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi ńlá, èyí tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ káàkiri ayé, ló ń wá. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi kọ̀wé sí wọn. Nígbà tí wọ́n dáhùn, Sista Ionie dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ilé ìdáná, ó dúpẹ́. Ó ku àyẹ̀wò dókítà nìkan.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú àyẹ̀wò náà, àyà ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, nítorí àyà bàbá rẹ̀ ló jogún. Ni Maas Linval bá ń jí ní ìdájí, á ká ewé tútù lára ìdí márùn-ún rẹ̀, á sè é, á bu oyin sí i. Sista Ionie fúnra rẹ̀ ló ń sẹ́ ẹ. “Mu ún, ọmọ mi, kí o má lọ máa súfèé níwájú dókítà.” Tamoya ń mu ún.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n ya wèrè. Lórí òkè yẹn, kò sí ẹni tó ń pe tíì ní igbó. Igbó ni ohun tí àwọn ọkùnrin ń fà lẹ́yìnkùlé, tí pásítọ̀ ń bá wí. Àgbo ni tíì, òun ni wọ́n fi wo gbogbo wọn dàgbà. Sista Ionie, tó ti bú igbó láti orí pẹpẹ lẹ́ẹ̀mejìlá ó kéré tán, kì í fi ife tíì rẹ̀ ṣeré bí òtútù bá mú un. Orin ìyìn ló máa ń fi sìn ín wọlé.

Nítorí náà, nígbà tí dókítà bi Tamoya ní Montego Bay pé, “Ṣé o máa ń lo igbó?”, ọmọbìnrin náà na ọwọ́ sókè. “Mi ò dán an wò rí láyé mi.” Òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ. Ìtọ̀ rẹ̀ náà sọ òótọ́ tirẹ̀.

Ẹkún ló sun wọlé. “Wọ́n ní igbó wà lára mi! Wọ́n ní iṣẹ́ ti bọ́!”

“Ta lo bá rìn?” ìyá rẹ̀ pariwo. “Tamoya, ta lo bá rìn?”

“Màámi, mi ò bá ẹnikẹ́ni rìn. Ibi iṣẹ́, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ohun tó kan ẹnu mi ju...”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú díẹ̀díẹ̀ sí ìkòkò tó wà lórí àdògán.

“Bàbá mi,” Tamoya ní, ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀, “kí lẹ ń sè fún mi láti ọjọ́ yìí?”

“Tíì ni.”

“Tíì kí ni?”

“Tíì àyà,” ni Lọ́yà wí, ó sì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Sista Ionie fẹ́ bú u. Ọ̀rọ̀ tí díákónẹ́ẹ̀sì ò gbọdọ̀ mọ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n asẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ òun náà, ó ń kán tó, tó, tó sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Maas Linval wọ ẹ̀wù ìgbéyàwó rẹ̀, ó gbé ìkòkò tíì náà sínú àpò, tòun ti ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní ẹ̀rí ni. Sista Ionie tẹ̀ lé e, kí ó má bàa lọ fi kún un. Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì dókítà, ó gbé ìkòkò ka orí tábìlì.

“Dókítà, ọ̀daràn rèé, èmi ni. Ẹ gba ìtọ̀ tèmi, kí ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀.”

“Bàbá, tí mo bá yẹ ìtọ̀ tiyín wò, ẹ̀rọ wa lè má jí mọ́.”

“Òfin Jàmáíkà fún mi ní ìdí márùn-ún!”

“Ó fún yín. Ọkọ̀ ojú omi náà ní òfin tirẹ̀. Ìjọba lè fojú fò ó nílé yín, kí ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ sì ní òun ò fẹ́.”

“Ṣùgbọ́n tíì ni! Ọmọ mi ò fa èéfín kankan!”

“Ohun kan náà ni nínú ìtọ̀, bàbá.”

Maas Linval dúró. Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ọjọ́ mélòó ló máa ń gbé lára?”

Sista Ionie di ẹ̀gbẹ́ àga mú. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń fetí sí ọkọ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ igbó, ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ gbọ́ tó béèrè nǹkan.

Dókítà náà rọ ohùn. Ó ní ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́, ó lè tó oṣù kan, ó sì lè lé, inú ọ̀rá ara ló ń sá pamọ́ sí. Ó ní ọkọ̀ mìíràn yóò gbéra láìpẹ́. Kí Tamoya padà wá ní ogójì ọjọ́, lẹ́ẹ̀kan péré. Bí wọ́n bá tún bá a lára rẹ̀, wọn yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Láti inú bọ́ọ̀sì ni Sista Ionie ti ṣòfin. Kò sí tíì, kò sí èéfín, kò sí ọtí ìfira nínú ọgbà náà fún ogójì ọjọ́.

“Èmi kọ́ ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò,” Maas Linval ní.

“Ẹni tó bá fẹ́ fà, kó lọ máa gbé ilé ìdáná. Ilé méjì kúkú ni, àbí?”

Lọ́yà wé igbó kan, ó fi sẹ́yìn etí láìtanná sí i, kí òun àti igbó má bàa gbàgbé ojú ara wọn. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó bá ewúrẹ́ jà, ó bá rédíò jà, ó bá wòlíì Jeremáyà jà nínú Bíbélì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kẹta, Sista Ionie ta jí pẹ̀lú ìbẹ̀rù, nítorí pé ilé dákẹ́ jù. Ó fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ bóyá ó ṣì wà láyé. Ó wà. Ó ń sùn bí ọmọ tuntun, kò húkọ́. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ń gun òkè lọ sí oko iṣu láìdúró níbi mẹ́ta tó ti máa ń dúró láti ìgbà pípẹ́, tó ń ní òun ń wo òkun.

“Bàbá, àyà yín ńkọ́?” Nọ́ọ̀sì Dacres béèrè lábẹ́ igi bẹrẹfúùtù.

“Ó wà níbi tí mo fi sí.”

“Ẹ ò tíì húkọ́ láti àárọ̀.”

“Ṣé kí n húkọ́ fún yín ni?”

Ní ogójì ọjọ́ géérégé, Tamoya padà lọ sí Montego Bay. Maas Linval jókòó sí ẹnu géètì láti òwúrọ̀, ó ń bọ́ fìlà, ó ń dé e. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà, kò sí ẹni tó sọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó rí i: “Ó mọ́ o! Bàbá mi, ó mọ́ o!” Bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń sáré láìwọ bàtà lórí òkúta bí ọmọ ọdún méje.

Sista Ionie bú sẹ́kún. Maas Linval yọ igbó tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì rò pé yóò tanná sí i wàyí. Ó wò ó síwá-sẹ́yìn. Ó dá a padà sẹ́yìn etí.

“Mo sọ fún wọn,” ó ní, “pé tíì kì í ṣe igbó.”

Kò tanná sí i mọ́ láyé rẹ̀. Bí ọ̀kan bá gbẹ tó fọ́ mọ́ ọn létí, á wé òmíràn, á fi dípò rẹ̀, á sì máa bá kóòtù rẹ̀ lọ lábẹ́ igi bẹrẹfúùtù. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá béèrè nípa àyà, á kọjú sí ilé ìlera. “Ti àyà, Ọjọ́rú ni. Ẹ dúró de Nọ́ọ̀sì.”

Gbogbo ayé lóye. Sista Ionie nìkan ni kò tó fún. Ohun tó fẹ́ ni kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré: “Ionie, èéfín ni.” Ọdún méje ló fi béèrè. Ọdún méje ni Lọ́yà fi dáhùn: ìrọ̀rí tuntun ni, àdúrà ìjọ ni, oṣù ló lé dáadáa.

Ọkàn tó dáṣẹ́ dúró lójijì ló mú Lọ́yà lọ, kì í ṣe àyà. Tamoya sáré dé láti orí òkun. Nígbà tí wọ́n wọ ẹ̀wù ìgbéyàwó fún òkú tán, Sista Ionie mú igbó wíwé kan, ó fi bọ àpò àyà rẹ̀, lẹ́yìn áńkáṣíìfù funfun. Pásítọ̀ rí i.

“Sista Ionie...”

“Kò tó àáńsì méjì, Pásítọ̀,” ó ní. “Òfin gbà á.”

Pásítọ̀ ṣí ìwé orin.

Títí dòní, tí Sista Ionie bá ń fọ ife nínú ilé ìdáná náà, tí pátákó rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn, òwúrọ̀ ìkẹyìn ọkọ rẹ̀ láyé ló máa ń padà sí i lọ́kàn. Bẹrẹfúùtù sísun àti ẹja oníyọ̀ ni wọ́n jẹ. Òun náà tún ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀.

“Linval, ọdún méje. Ṣé èéfín kọ́ ni?”

“Òjò ni.”

“Òjò wo?”

“Òjò pọ̀ lọ́dún yẹn. Òjò máa ń fọ afẹ́fẹ́.”

“Ọ̀dá ni lọ́dún yẹn, Linval. Omi la ń rà.”

Linval gbé ife sílẹ̀. Nínú ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tí wọ́n ti di ara kan, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rín ń yọ́ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó mú fìlà, ó tún igbó tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀ ṣe.

“Dúró níbẹ̀,” ó ní. “Ẹ̀rí wà. Jẹ́ kí n lọ mú un wá.”

“Níbo lò ń lọ? A ò tíì parí ọ̀rọ̀ o!”

“Mo ní mò ń bọ̀, aládùúgbò.”

Ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi ìdí márùn-ún rẹ̀, ó ń súfèé orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ díẹ̀díẹ̀, èémí rẹ̀ já gaara, kò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan.